Mo So Wáyà Sáàárín Prọ́sẹ́sọ̀ àti Sọ́kẹ́ẹ̀tì Rẹ̀: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Ọmọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn. Ó ní prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ń gbóná jù nínú àpótí, heatsink ńlá tó rà, irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀, kò sì gba ibẹ̀ wọlé. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ò lè fi wáyà fa prọ́sẹ́sọ̀ yìí síta, bí ìgbà tí èèyàn fi ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n fa iná jáde láti yàrá?" Mo sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé kò ṣeé ṣe. Ó béèrè ìdí rẹ̀, mo ṣàlàyé, àmọ́ àlàyé náà kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Mo mọ̀ pé kò ní ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì fojú ara mi rí ibi tó ti ń dàrú. Mo ní kó jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà sùn.

N kò jẹ́ fi prọ́sẹ́sọ̀ oníbàárà dán nǹkan wò. Bọ́ọ̀dù kan tó ń lo Z80, prọ́sẹ́sọ̀ àtijọ́ kan, wà lọ́wọ́ mi tí mo fọwọ́ ara mi tò láti fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọdún 1976 ni Zilog gbé Z80 jáde. Ẹsẹ̀ 40 péré ló ní, ogún lápá kan, ogún lápá kejì, wọ́n sì jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ tí áyọ̀nù lásán tí a fi ń jó wáyà fi lè dé wọn. Tèmi jẹ́ Z80A tó ń sáré ní 4 MHz, ìyẹn ni pé ìlù kọ̀ọ̀kan clock rẹ̀, àmì tó ń darí ìgbésẹ̀ prọ́sẹ́sọ̀, ń gba nanosecond 250. Tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nanosecond.

Mo gé wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so hard disk àtijọ́, èyí tó ní okùn 40, sí 30 sẹ̀ntímítà. Mo jó ìparí rẹ̀ kan mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wọnú bọ́ọ̀dù, mo jó ìkejì mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí prọ́sẹ́sọ̀ máa jókòó lé. Ẹ ṣọ́ra níbi kíkà ẹsẹ̀. Láti òkè, ẹsẹ̀ kìíní dé ogún ń sọ̀ kalẹ̀ lápá òsì, 21 dé 40 sì ń gun òkè bọ̀ lápá ọ̀tún. Tí ẹ bá yí sọ́kẹ́ẹ̀tì dojú dé láti jó o, òsì ti di ọ̀tún nìyẹn. Ẹni tó bá gbàgbé, iná tó yẹ kó gba ẹsẹ̀ 11 wọlé máa gba ẹsẹ̀ 30, tó jẹ́ ti àdírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn èyí tó ń tọ́ka ibi tí prọ́sẹ́sọ̀ fẹ́ dé nínú mẹ́mọ́rì. Mo fi míta yẹ okùn kọ̀ọ̀kan wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó kan aládùúgbò rẹ̀. Iṣẹ́ yìí gbà mí ju jíjó lọ.

Mo tan iná. Gílóòbù kékeré orí bọ́ọ̀dù ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó sì dákẹ́. Mo tún un tàn, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú rárá. Mo fi míta kan ẹsẹ̀ prọ́sẹ́sọ̀: fóòtì 4.95, kò sí àléébù. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe pé wáyà yẹn ti gùn jù?" Ohun tí èmi náà rò nìyẹn, àfi ìgbà tí a ṣírò rẹ̀. Nínú wáyà báyìí, àmì iná ń rin bí 20 sẹ̀ntímítà ní nanosecond kan. Àlọ àti àbọ̀ lórí 30 sẹ̀ntímítà kò ju nanosecond mẹ́ta lọ, nínú 250. Gígùn kọ́ ni olè wa.

Mo yá oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán bí iná ṣe ń lọ sókè sódò, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti là. Gbogbo iná tó bá gba àwọn okùn yòókù kọjá gbọ́dọ̀ padà sílé, ẹsẹ̀ 29 nìkan, ìyẹn gíráùndù, ló sì jẹ́ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó dà bí ọjà tí èrò ń gba oríṣiríṣi ẹnu ọ̀nà wọ̀, tó sì jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà jáde. Nígbàkigbà tí okùn mẹ́jọ tó ń gbé dátà bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, gíráùndù lọ́dọ̀ prọ́sẹ́sọ̀ á fò sókè. Míta kò lè rí i, torí kì í pẹ́ tó nǹkan tí míta lè kà.

Èkejì ni clock. Àwọn ẹsẹ̀ tó ń gba àmì wọlé lórí Z80 gba fóòtì 2 gẹ́gẹ́ bí "bẹ́ẹ̀ ni", ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ 6, ti clock, kò gbà tí kò bá tó nǹkan bíi 4.4. Ẹsẹ̀ tó lágídí jù nìyẹn, èmi sì tò ó sáàárín ẹsẹ̀ 5 àti 7, àdírẹ́ẹ̀sì kan àti dátà kan, tí wọ́n ń pariwo sí i létí ní gbogbo ojú ọ̀nà.

Mo tú gbogbo rẹ̀. Mo wá wáyà hard disk èyí tó dé lẹ́yìn, tí okùn rẹ̀ jẹ́ 80. Orí rẹ̀ ṣì jẹ́ oníhò 40, torí gíráùndù ni 40 tó kù, wọ́n tò ó sáàárín àwọn yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí náà kò ṣeé lò o, nítorí wọ́n ti so àwọn ihò gíráùndù pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀. Mo gé e sọnù. Mo jó okùn 40 mọ́ ẹsẹ̀ 40, mo kó 40 tó kù pọ̀ sí gíráùndù lápá méjèèjì. Mo fi kàpásítọ̀, ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, ti 0.1 microfarad sáàárín ẹsẹ̀ 11 àti 29 lábẹ́ prọ́sẹ́sọ̀ gan-an, mo fi ti 10 microfarad tì í, mo sì fi rẹ̀sítọ̀ 330 ohm fa clock sókè sí fóòtì 5. Mo fi í sí ìdánwò mẹ́mọ́rì láti alẹ́ mọ́jú. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, kò ṣàṣìṣe kankan. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo pe ọmọ iṣẹ́ mi lórí fóònù kó tó dé ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí oníbàárà mi padà wá, mo ní ìdáhùn fún un. Sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 ti ilé iṣẹ́ AMD ni tirẹ̀, ihò 1331. Ká tilẹ̀ ní ẹnìkan lè jó 1331 okùn láìṣì ọ̀kan, ẹ wo iná rẹ̀: wáàtì 65 ní fóòtì bíi 1.2 jẹ́ ámpíà 54. Tí wáyà àti ìsopọ̀ bá fi ìdá márùn-ún péré nínú ẹgbẹ̀rún ohm kún un, fóòtì 0.27 ti ṣègbé lójú ọ̀nà, ohun tó kù kò sì tó prọ́sẹ́sọ̀ náà. Mẹ́mọ́rì ńkọ́? Láti 2003 ni AMD ti ń gbé ohun tó ń darí mẹ́mọ́rì sínú prọ́sẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, Intel ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008, torí náà okùn mẹ́mọ́rì ń gba inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá. Lórí mẹ́mọ́rì DDR4-3200, bit kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ dátà tó kéré jù, ní nanosecond 0.31. Tí okùn kan bá fi 2 sẹ̀ntímítà gùn ju èkejì lọ, àmì rẹ̀ ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta bit kan pẹ́ dé. Mo fi àwọn ìlà kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ejò lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀ hàn án: àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ yí wọn kí gígùn wọn lè dọ́gba ni.

Ó bi mí pé kí ló wá dé tí wáyà ìfàsíta fi wà fún graphics card, páálí tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè tó dára ni. Okùn PCIe, ọ̀nà tí páálí náà ń gbà bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ń rìn ní méjì-méjì, ohun tó wà lára ọ̀kan ni òdì èkejì, orí méjèèjì sì máa ń dán ọ̀nà náà wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo sọ fún un nípa slotket náà, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń jẹ́ kí prọ́sẹ́sọ̀ tí wọ́n ṣe fún sọ́kẹ́ẹ̀tì Socket 370 jókòó sínú Slot 1, ihò tó gùn tóóró, lápá ìparí àwọn ọdún 1990. Ìyẹn ṣiṣẹ́, àmọ́ bọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ̀ dáadáa ni, ọ̀nà tó so ó mọ́ ìyókù ẹ̀rọ kò sì ju 133 MHz lọ nígbà náà.

Ó lọ ra àpótí tó fẹ̀, a pààrọ̀ ìpara heatsink, ooru náà rọlẹ̀.

Ní ti Z80, mo tún ṣe ọ̀kan tó gùn tó 60 sẹ̀ntímítà lọ́nà kan náà. Ní 4 MHz ó ń ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rẹ clock sílẹ̀ sí 2 MHz, ó sì dúró. Ti 30 sẹ̀ntímítà ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ báyìí, nítorí ó rọrùn láti fi oscilloscope kan ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lára prọ́sẹ́sọ̀ tó wà lórí tábìlì ju èyí tó há sáàárín bọ́ọ̀dù lọ.