Asẹ́ membrane tó ń dí ní ilé ìpọntí: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Táǹkì tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ la fi ń tọ́jú omi ìdọ̀tí ilé ìpọntí bíà wa, asẹ́ membrane ló sì ń ya omi kúrò lára ẹrẹ̀ bakitéríà. Bí a bá fọ asẹ́ náà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ìfúnpá á tún ga, omi ò ní jáde bó ṣe yẹ mọ́. Ṣé ká ra òmíràn ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó yẹn. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ ìfúnpá yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àwọn tó ń pọntí. Ọjọ́ wo ni wọ́n da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ táǹkì ọtí, ìyẹn ìwúkàrà tí wọ́n ti lò tán, nù? Lójú tèmi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. COD (òṣùwọ̀n bí ìdọ̀tí inú omi ṣe pọ̀ tó) omi ìdọ̀tí ilé ìpọntí sábà máa ń wà láàárín 2,000 sí 6,000 miligíráàmù nínú lítà kan. Ti ìwúkàrà tí wọ́n ti lò tán lè ju 100,000 lọ. Bí ìyẹn bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, oúnjẹ á ju agbára bakitéríà lọ, ásíìdì á pọ̀, ohun yíyọ̀ tó ń jáde lára wọn á sì lẹ̀ mọ́ ojú asẹ́. Ẹ ya ìwúkàrà sọ́tọ̀ (oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni), kí ẹ sì ní táǹkì tí omi yóò ti pòpọ̀ kó tó wọlé, kí kọ́sítíìkì tí wọ́n fi fọ páìpù má baà dé lójijì. Ìyẹ̀fun kieselguhr tí wọ́n fi ń sẹ́ bíà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá, ó ń ha asẹ́. Ẹ tún yẹ ihò tó ń fẹ́ gáàsì sábẹ́ asẹ́ wò. Ibi tó bá ti dí ni ẹrẹ̀ ti ń gan.

Ìbéèrè: Jíkì la fi ń fọ̀ ọ́, kò mọ́ tán.

Ìdáhùn: Ohun tí bakitéríà fi sílẹ̀ ni jíkì ń mú kúrò. Èyí tó gan bí òkúta, bíi struvite, citric acid ló ń yọ́ ọ. Ẹ fi omi ṣan asẹ́ dáadáa láàárín méjèèjì: bí wọ́n bá pàdé, gáàsì chlorine ló máa jáde, ó sì lè pa èèyàn.

Ìbéèrè: pH (òṣùwọ̀n ásíìdì inú omi; bó bá lọ sílẹ̀, ásíìdì ti pọ̀) ń lọ sílẹ̀, gáàsì ń dínkù. Ṣé ká da kọ́sítíìkì sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ dín omi tó ń wọlé kù. Àwọn bakitéríà tó ń ṣe ásíìdì yára ju àwọn tó ń sọ ọ́ di gáàsì mẹtéènì lọ, àwọn ti ìkẹyìn yìí kò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa bí pH bá lọ sábẹ́ 6.5. Sodium bicarbonate díẹ̀díẹ̀ sàn ju kọ́sítíìkì lọ, torí kọ́sítíìkì máa ń gbé pH fò lójijì. Ẹ wo ooru táǹkì náà: bíi 35 sí 37 lórí ìwọ̀n Celsius ló dára.

Ìbéèrè: Omi mọ́ gaara, àmọ́ ammonia ṣì pọ̀.

Ìdáhùn: Kò sí ohun tó bàjẹ́. Asẹ́ yìí kì í dá ohun tó ti yọ́ sínú omi dúró. Táǹkì aláfẹ́fẹ́ ló yẹ kó tẹ̀ lé e.