Bí Ará Ìlú Ṣe Lè Jẹ Àǹfààní Iṣẹ́ Ìlú àti Ètò Àdúgbò Nígbà Ìrúwé

Ní àwọn ilẹ̀ òkèèrè tí yìnyín ti ń bọ́, bí yìnyín bá ti yọ́ tán nígbà ìrúwé, gbogbo ohun tí ìgbà òtútù bò mọ́lẹ̀ ni yóò hàn síta: iyanrìn àti iyọ̀ tí wọ́n dà sójú títì kí ọkọ̀ má baà máa yọ̀, ewé tó ti jẹrà, ẹ̀ka igi tí atẹ́gùn ṣẹ́, àti kòtò tí kò sí níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìjọba ìlú máa ń fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta péré. Àsìkò kan náà ni wọ́n ń gba orúkọ àwọn ọmọ fún ètò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń pín ilẹ̀ ọgbà, tí wọ́n ń gbin igi, tí wọ́n sì ń pe ará àdúgbò jáde láti gbálẹ̀. Owó orí wa ni wọ́n fi ń ṣe é. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa, pàápàá àwa ayálégbé tí a rò pé ọ̀rọ̀ onílé ni gbogbo rẹ̀, kì í gbọ́ nípa rẹ̀ àfìgbà tó bá ti kọjá.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ wá kàlẹ́ńdà ìlú yín rí kí ìrúwé tó wọlé. Nínú oṣù Kejì ni èyí yẹ kó jẹ́ fún ẹni tó ń gbé ní Yúróòpù tàbí àríwá Amẹ́ríkà, kó sì jẹ́ nínú oṣù Kẹjọ fún ẹni tó wà ní Australia tàbí New Zealand, níbi tí ìrúwé ti ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Kàlẹ́ńdà yìí máa ń wà lórí ìkànnì ìjọba ìlú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé owó omi, tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde ní ilé ìkàwé. Ẹ má ṣe gbára lé ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ yín dá fún yín, bí ẹ tilẹ̀ jọ ń gbé ìlú kan náà, nítorí pé àdúgbò dé àdúgbò ni wọ́n ń pín iṣẹ́ náà. Àdírẹ́sì ilé yín gan-an ni kí ẹ fi wá ọjọ́ tiyín. Bí èdè ibẹ̀ kò bá tíì yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ béèrè fún ògbufọ̀ lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ló ní i, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ní Amẹ́ríkà, 311 ni nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ń lò fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, láti ìgbà tí ìlú Baltimore ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1996. Ẹ má ṣe pe 911, nọ́ńbà ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, nítorí kòtò ojú títì o.

Bí kàlẹ́ńdà bá ti dé ọwọ́ yín, ọ̀nà mẹ́ta ni kí ẹ fi ojú pín ohun tó wà nínú rẹ̀ sí. Iṣẹ́ kan wà tí wọn yóò wá ṣe, ẹ̀yin ì báà pè wọ́n tàbí kí ẹ má pè wọ́n. Òmíràn wà tí wọn kò ní ṣe àfi bí ẹnìkan bá ké sí wọn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àyè rẹ̀ kò pọ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó tètè dé ló ni ín. Èyí tó máa ń kó ará ìlú sí gbèsè ni èkíní.

Gbígbá títì ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ agbálẹ̀ kò lè gba abẹ́ ọkọ̀ yín kọjá, nítorí náà, ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún ẹ̀gbẹ́ títì yín, ẹ ní láti gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ kí wákàtí tí wọ́n kọ sára pátákó tó pé. Mo ti san owó ìtanràn rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé bébà ni wọ́n fi kọ ìkéde náà tí wọ́n so mọ́ igi; òjò rọ̀ lóru, bébà já bọ́, èmi sì jí bá ìwé ìtanràn lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń nu gíláàsì ọkọ̀ mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n máa fi ìkéde ránṣẹ́ sórí fóònù mi ní ọjọ́ kan ṣáájú, ohun tí mo sì gba ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀ níyànjú láti ṣe nìyẹn.

Fífọ páìpù omi ìlú náà wà nínú ọ̀wọ́ yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò ṣí ẹnu omi tí àwọn panápaná ń lò létí títì, omi yóò sì máa tú jáde pẹ̀lú agbára. Ìpata àti àwọn nǹkan tó ti rọ̀ sísàlẹ̀ páìpù fún ìgbà pípẹ́ yóò wá ru sókè, omi inú ilé yín yóò sì lè pọ́n bí omi amọ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ẹ pọn omi mímu sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ má ṣe fọ aṣọ, pàápàá funfun, nítorí àbàwọ́n ìpata kì í fẹ́ lọ, ẹ má sì ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná, kí omi pípọ́n má baà wọ inú táńkì tó ń gbé e gbóná. Bí wọ́n bá parí, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi tútù kan sílẹ̀ kó máa ṣàn títí yóò fi mọ́. Bí ìlú bá kéde pé kí ẹ se omi kí ẹ tó mu ún, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ìkéde náà ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ní ti ewé àti ẹ̀ka igi, ìlú mìíràn kì í gba àpò ọ̀rá rárá, bébà nìkan ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì máa ń sọ bí ẹ̀ka ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó àti bí a ó ṣe dì í. Ẹ ka òfin tiyín. Ẹrù tí kò bá òfin mu, ńṣe ni wọ́n á fi í sílẹ̀ níwájú ilé yín.

Níbi iṣẹ́ tí a ní láti pè wọ́n sí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, nítorí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kòtò ojú títì ló gbawájú. Ohun tó ń fà á ni pé omi ń wọ inú ojú tó là lára ọ̀dà títì. Bí omi náà bá di yìnyín, yóò fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, yóò sì gbé ọ̀dà náà sókè. Bí ó bá yọ́, àyè yóò ṣófo lábẹ́, ọkọ̀ tó bá sì gba orí rẹ̀ kọjá yóò tẹ̀ ẹ́ wọlé. Nígbà ìrúwé, tí ó ń dì lóru tí ó sì ń yọ́ lọ́sàn-án, èyí lè ṣẹlẹ̀ ní ojoojúmọ́. Ìdí nìyí tí kòtò fi máa ń yọ lójijì, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú fúnra wọn kò sì ní mọ̀ pé ó wà.

Bí ẹ bá ń fi ẹjọ́ kòtò sùn, ẹ má ṣe kọ pé “títì wa ti bàjẹ́.” Òṣìṣẹ́ tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tí yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Kòtò kan wà níwájú ilé nọ́ńbà 42, ní apá ọ̀tún ẹni tó ń lọ sí ilé ìwé, ó tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí iná tó ń darí ọkọ̀. Ó fẹ̀ tó gígùn bàtà méjì, ó sì jìn tó àtẹ́lẹwọ́ ní ìbú. Omi máa ń bò ó bí òjò bá rọ̀, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kì í rí i.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ewu tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń pinnu èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ dí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ má torí fọ́tò bọ́ sáàárín ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú nọ́ńbà tí wọ́n fún ẹjọ́ yín. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí kòtò bá ba ọkọ̀ ẹnìkan jẹ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó ronú àtisan owó fún un ni bóyá ẹnìkan ti sọ fún ìlú nípa kòtò náà tẹ́lẹ̀; nítorí náà, ẹjọ́ tí ẹ sùn lónìí lè ran ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí lọ́wọ́. Bí wọ́n bá dáhùn pé títì náà kì í ṣe ti ìlú, ẹ má bínú padà sílé. Títì mìíràn wà tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tí ẹ ó gbé ẹjọ́ náà lọ.

Àwọn panápaná náà ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá pè. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta ni wọ́n ń sún aago síwájú ní wákàtí kan. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà ni. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń rán àwọn èèyàn létí pé kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ tó ń ké bí ó bá gbọ́ òórùn èéfín wò. Ẹ yí i sẹ́yìn kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é: bí ó bá ti pé ọdún 10, bátìrì tuntun kò wúlò fún un mọ́, òmíràn ni kí ẹ rà. Ní ibòmíràn, àwọn panápaná yóò wá fi í sí ilé yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ tí ìlú ń gba ohun olóró náà wà, bí ọ̀dà ìkunlé, oògùn apakòkòrò, òróró ọkọ̀ tí a ti lò àti bátìrì. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú ike tàbí agolo tí ẹ bá wọn, ẹ má dà wọ́n pọ̀, ẹ sì fi téèpù bo ẹnu bátìrì fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà, nítorí bí ẹnu wọn bá kan irin, wọ́n lè gbiná nínú ọkọ̀ akólẹ̀. Ẹ mú ìwé tó fi hàn pé ará ìlú náà ni yín dání.

Ó wá ku ohun tí àyè rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ àti ètò ọmọdé lè kún kí ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí i, ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ sórí ìkànnì ní àárọ̀ ọjọ́ náà ti pẹ́ jù. Ẹ ti parí gbogbo ìyẹn ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Bí owó rẹ̀ bá wúwo, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń dín in kù fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ilẹ̀ ọgbà bá ti tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀.

Ètò tí kò nílò ju pé kí ẹ yọjú lọ ni ti Ọjọ́ Ilẹ̀ Ayé, tí wọ́n ti ń ṣe ní 22 oṣù Kẹrin láti ọdún 1970, àti ti Ọjọ́ Igi, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nebraska ní ọdún 1872, tí púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà sì ń ṣe ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù Kẹrin. Bí ẹ bá lọ gbálẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ má sì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ tí ẹnìkan ti lò tó sọ sílẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ń darí ètò.

Bí wọ́n bá fún yín ní igi lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wá sàmì sí ibi tí wáyà àti páìpù gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀. 811 ni nọ́ńbà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ sì pè é ní ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀. Ibi tí ìdí igi ti ń fẹ̀ bọ̀ sórí gbòǹgbò gbọ́dọ̀ hàn lórí ilẹ̀, èèpo igi rírún tí ẹ bá sì fi bo ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ara igi, kí ó má baà jẹrà. Igi tí ìlú fúnra rẹ̀ gbìn síwájú ilé yín pàápàá ń fẹ́ omi fún bí ọdún méjì sí mẹ́ta, ọkọ̀ omi ìlú kì í sì í tètè dé nígbà ọ̀dá. Garawa omi kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, tí ẹ rọra dà yí ìdí rẹ̀ ká títí ilẹ̀ yóò fi fà á mu, ti tó o títí di ìgbà tí ewé rẹ̀ yóò wọ́.