Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Owó Wa Lọ́wọ́ Àwọn Oníjìbìtì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fọ́ ilé ìfowópamọ́. Irú wọn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kó owó wa lọ kò fọ́ ohunkóhun. Ó kàn pè wá lórí fóònù tàbí kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ó sì bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi fi ọwọ́ ara wa kó owó fún un. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó bá délẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ṣé èmi ni mo pè wọ́n ni, àbí àwọn ni wọ́n pè mí?

Bó bá jẹ́ àwọn ni wọ́n pè yín, ẹ gé ìpè náà, kí ẹ wá fúnra yín pe nọ́ńbà tí a tẹ̀ sẹ́yìn káàdì yín, tàbí kí ẹ ṣí áàpù báńkì náà wò. Ẹ má ṣe pe nọ́ńbà tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀hún, ẹ má sì gbára lé orúkọ tó hàn lójú fóònù, nítorí àwọn oníjìbìtì lè mú kí nọ́ńbà báńkì yín gan-an hàn níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì tòótọ́ kò ní bínú pé ẹ fẹ́ wádìí. Ẹni tó bá ń sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ gé ìpè, pé owó yín yóò lọ bí ẹ kò bá ṣe kíá, ti fi ara rẹ̀ hàn. Báńkì kì í ní kí oníbàárà kó owó rẹ̀ lọ sínú àkáǹtì mìíràn kí ó má baà sọnù, kì í sì í pe ènìyàn láti béèrè PIN tàbí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, èyí tí a ń pè ní password. Ní ti OTP, nọ́ńbà ìgbà kan ṣoṣo tó máa ń wọlé sórí fóònù, ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn: ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ ti ní gbogbo ìyókù lọ́wọ́, kó ti dé ẹnu ìloro, kó jẹ́ pé nọ́ńbà yẹn nìkan ló kù tí yóò fi wọlé. Bákan náà, ẹ má ṣe gba áàpù tí ń jẹ́ kí ẹlòmíràn darí fóònù yín láti òkèèrè, nítorí pé àjèjì kan ní òun fẹ́ bá yín tún un ṣe.

Líǹkì ni ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka àdírẹ́sì, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ń wò kọ́ ni òtítọ́ wà. Orúkọ ẹni tó ni ojú-ewé ni èyí tó kángun sí àmì “/” àkọ́kọ́ lẹ́yìn “https://”. Bí ẹ bá rí “bankiyin.example.com/wole”, example.com ló ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ báńkì ló ṣáájú. Àmì àgádágodo tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kò tó ẹ̀rí: ohun tó ń sọ kò ju pé ẹlòmíràn kò lè ka ohun tó ń lọ láàárín ẹ̀yin àti ojú-ewé náà, oníjìbìtì pàápàá sì lè ní i. Nítorí pé àwọn ènìyàn ń ṣì í lóye ni Google fi yọ ọ́ kúrò nínú àdírẹ́sì Chrome ní ọdún 2023. Ohun tó dára jù ni kí ẹ má tẹ líǹkì kankan tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó. Ẹ fúnra yín tẹ àdírẹ́sì náà.

Ohun tí mo rí i pé a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù ni ímeèlì. Ẹni tó bá gba ímeèlì yín lè lọ sí ibi yòówù tí ẹ ti ní àkáǹtì, kó sọ pé òun gbàgbé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, kó sì gba gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ímeèlì kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ibòmíràn rárá. Ní ọdún 2013, wọ́n jí ìsọfúnni gbogbo àkáǹtì tó wà lọ́dọ̀ Yahoo, bílíọ̀nù 3 ni iye wọn, àfi ní 2017 ni a tó mọ̀ pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tó ń lo ọ̀rọ̀ kan náà ní Yahoo àti ní báńkì rẹ̀ ti wà nínú ewu láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan, tí ẹ tò pọ̀, sàn ju ọ̀rọ̀ kúkúrú tó kún fún àmì lọ. Bí wọ́n bá pọ̀ ju ohun tí orí lè gbà, ẹ lo áàpù tí ń tọ́jú wọn. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní kan tí a kì í sábà sọ: kò ní fi ọ̀rọ̀ yín sínú ojú-ewé ayédèrú fúnra rẹ̀, torí àdírẹ́sì ibẹ̀ kò bá èyí tó mọ̀ mu, kódà bí ó bá ti tan ojú yín jẹ.

Ẹ tún tan ìfìdánimọ̀ onípele méjì, èyí tó ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Èyí tó ń gba orí SMS wọlé sàn ju kí ó má sí, ṣùgbọ́n áàpù tí ń pèsè nọ́ńbà náà, tàbí passkey, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ orí ẹ̀rọ yín tí a ń lò dípò ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, dára jù ú lọ, nítorí olè lè parọ́ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kí wọ́n gbé nọ́ńbà yín sórí SIM tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, irú ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ sórí àkáǹtì Twitter Jack Dorsey, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Twitter fúnra rẹ̀ nígbà náà. Àgbà tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí nẹ́tíwọ̀kì fóònù yín bá ṣàdédé lọ, tí ti àwọn tó wà nítòsí kò sì lọ, ẹ wá fóònù mìíràn fi pe ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti báńkì lójú ẹsẹ̀.

Ohùn àti ojú ènìyàn náà ti ní ayédèrú báyìí. Ní ọdún 2024, ó hàn síta pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Arup kan ní Hong Kong san nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìpàdé orí fídíò tí àwọn ọ̀gá tó rí níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn gidi. Nínú ẹbí, ẹ yan ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí ẹnikẹ́ni tó bá pè pé òun wà nínú ìdààmú, pé òun nílò owó, gbọ́dọ̀ sọ. Ó lè dà bí àṣejù, ṣùgbọ́n kò náni ní kọ́bọ̀.

Ẹ dín iye tó lè jáde nínú àkáǹtì yín lóòjọ́ kù, kí ẹ sì jẹ́ kí báńkì máa fi tó yín létí nígbàkígbà tí owó bá jáde.

Bí wọ́n bá ti gba owó yín, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Ẹ pe báńkì kí wọ́n ti káàdì àti àkáǹtì pa, nítorí owó tí kò tíì kúrò ní báńkì tó gbà á ṣeé dá dúró nígbà mìíràn. Ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn láti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ímeèlì, ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ kúrò, ẹ tọ́jú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Láìpẹ́, ẹnì kan lè kàn sí yín pé òun yóò bá yín gba owó náà padà bí ẹ bá kọ́kọ́ san owó iṣẹ́ fún òun. Ẹ má dá a lóhùn: olè náà fúnra rẹ̀ ni, tàbí ẹni tí olè náà ta orúkọ yín fún.