Báírò onígi: bí ẹ ṣe lè gbẹ́ ti àkọ́kọ́ yín lórí ẹ̀rọ léètì

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń rò pé orí ẹ̀rọ léètì, ẹ̀rọ tó ń yí igi bí a ti ń gbẹ́ ẹ, ni wàhálà rẹ̀ wà. Rárá o. Báírò tó máa bàjẹ́, kí léètì tó yí ló ti máa ń bàjẹ́: igi kò gbẹ, ihò wọ́, tàbí gúlù kò mú.

Kíìtì (àkójọ ẹ̀yà báírò) tí wọ́n ń pè ní slimline ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò wọ́n, ẹ̀yà rẹ̀ kò sì pọ̀: túùbù idẹ méjì, ẹnu báírò, ẹ̀yà tí à ń yí kí ẹnu tó yọ, ọ̀pá tádàwà, òrùka àárín, ìkọ́ àpò àti ìdérí. Ẹ ra dírìlì mílímítà 7, ọ̀pá máńdúrẹ̀lì tí à ń ki igi bọ̀ lórí léètì, àti búṣìn (òrùka irin tó ń fi ìwọ̀n tí a máa gbẹ́ igi dé hàn) tó bá kíìtì yẹn gan-an mu.

Apá, ìrosùn àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ dára, àjákù tó wà nílẹ̀ ní ìsọ̀ káfíńtà sì tó. Ẹ là á sí onígun mẹ́rin, mílímítà 19 ní ìbú, sẹ̀ǹtímítà 13 ní gígùn. Gbígbẹ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ẹwà rẹ̀ lọ. Igi tútù máa súnkì nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Idẹ inú rẹ̀ kì í súnkì, igi á sì là. Ẹ gbé e sínú ilé, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dínkù mọ́ ló gbẹ.

Kí ẹ tó gé e sí méjì, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà gba ojú ibi tí ẹ máa gé kọjá, kí ojú igi lè bára mu tí ẹ bá ń tò ó. Kí ègé kọ̀ọ̀kan fi mílímítà 2 tàbí 3 gùn ju túùbù lọ. Ẹ fi fáìsì dì í mú ṣinṣin, kí ẹ lu ú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fa dírìlì jáde kó tu èéku igi dànù. Bí èéfín bá ti ń yọ, igi ti ń là nínú nìyẹn. Ẹ tẹ́ pátákó sábẹ́ rẹ̀ kí ìdí má baà fọ́.

Ẹ fi sáńpépà ha ara túùbù kí gúlù lè mú un. Ẹ gún orí rẹ̀ mọ́ ègé ọ̀dùnkún tútù kó dí, kí gúlù má baà wọnú. Súpà gúlù máa ń gan lójijì, túùbù á há sí agbedeméjì. Araldite, gúlù onímejì tí à ń pò pọ̀, ló dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ máa yí túùbù bí ẹ ti ń tì í wọlé, ẹ ti ọ̀dùnkún jáde, kó wá di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi tírímà (irin tó ń gé orí igi kó bá túùbù dọ́gba) gé orí igi títí idẹ yóò fi dán, kí ẹ dúró níbẹ̀. Tí ẹ bá gé idẹ fúnra rẹ̀, báírò ti kúrú nìyẹn, ẹnu tádàwà kò ní wọlé dáadáa mọ́.

Ó wá kan léètì. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi dé nọ́ọ̀tì máńdúrẹ̀lì. Bí ó bá le jù, ọ̀pá á tẹ̀, báírò á nípọn lápá kan ju èkejì lọ. Ìyípo 2,000 sí 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan dára, pẹ̀lú ṣísẹ́ẹ̀lì tó mú. Ẹ gbẹ́ ẹ títí yóò fi ku bíńtín kó bá búṣìn dọ́gba. Sáńpépà ni yóò jẹ èyí tó kù. Ẹ wọ awò ìdáàbòbò àti ìbomú, pàápàá fún ìrókò, tí ekuru rẹ̀ máa ń yún imú àti awọ ara. Aṣọ alápá gbòòrò kò bá léètì ṣe.

Ẹ dín eré kù, kí ẹ lo sáńpépà 150, 220, 320, 400, 600. Kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn, ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ fi ọwọ́ ha á lóòró, torí ìlà tó yí igi ká kì í hàn àfi ìgbà tó bá ń dán. Bí igi bá funfun bí afárá, sáńpépà tó bá kan búṣìn irin máa kó dúdú bá a, ẹ ò sì ní lè yọ ọ́ mọ́ tí gúlù tí a máa fi dán an bá ti bò ó.

Dídán rẹ̀: ẹ kán súpà gúlù tó ṣàn díẹ̀ sórí tíṣù, kí ẹ fi pa á fẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ti ń yí, nǹkan bí ìgbà 8 sí 10, kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó dé. Ẹ má fi òwú tàbí aṣọ òwú ṣe é: súpà gúlù máa ń gbóná lára òwú títí yóò fi rú èéfín, aṣọ sì lè lọ́ mọ́ máńdúrẹ̀lì tòun ti ìka yín. Bí ó bá nípọn jù, á funfun bí kùrukùru. Ẹ fi abẹ la gúlù yípo létí búṣìn kí ẹ tó yọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bó.

Fáìsì tí ẹ fi igi bo ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ fi tò ó. Ẹ kọ́kọ́ ti ẹnu báírò wọ ìdajì ìsàlẹ̀. Ẹ wá ti ẹ̀yà tó ń yí wọ òdìkejì, kó kù díẹ̀ kó dé ojú ìlà ara rẹ̀. Ẹ ki ọ̀pá tádàwà bọ̀ ọ́, ẹ yí i wò, ẹ tún tì í díẹ̀ títí ẹnu yóò fi máa yọ dáadáa tí yóò sì máa wọlé. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹnu kò ní wọlé mọ́, fífà á padà sì máa ń fọ́ igi. Ẹ wá ti ìkọ́ àti ìdérí wọ ìdajì òkè, òrùka sí àárín, kí ẹ sì to ìlà pẹ́ńsùlù ìjọ́sí... ó ti lọ, ojú igi ni kí ẹ wò.