Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n bu agbára ọkọ̀ tọ́bò àtijọ́ kù nínú ìwé? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Buick Grand National 1987 ni mo ń wà. Ìwé rẹ̀ sọ pé 245 hósípáwà, àmọ́ gbogbo ẹni tó mọ ọkọ̀ yìí ló ń sọ fún mi pé wọ́n kàn bù ú kù ni, pé ó lé ní 300. Mo gbé e lọ sórí dáínò, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀, lánàá, 198 ló gbé jáde. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa fún mi ni àbí nǹkan ń ṣe ọkọ̀ mi?

Ìdáhùn: Nǹkan kan ò ṣe é o. Ìdí táyà ni dáínò ti wọn 198 yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ́ńjìnì ni iléeṣẹ́ ti wọn 245, kí agbára náà tó gba inú gíá ọ̀tọ̀mátíìkì kọjá, kó tó dé ìdí ọkọ̀, kó tó kan táyà, gbogbo ibi tó ń gbà yẹn ló sì ń bù jẹ lára rẹ̀. 47 ló sọnù lọ́nà, kò tiẹ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún, fún gíá ọ̀tọ̀mátíìkì ayé ìgbà yẹn ó bójú mu dáadáa. Ohun tí ìwé sọ lọkọ̀ yín ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ 300 yẹn, èmi gbà pé ẹ̀yìn ìjókòó ló ti wá. Tọ́ọ̀kì ọkọ̀ náà, ìyẹn agbára tó fi ń yí nǹkan, 355 pound-feet ni, ní rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) 2,000 péré. Ẹ mú tọ́ọ̀kì, ẹ fi rpm sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi 5,252 pín in, hósípáwà lẹ máa rí. Ní rpm 2,000 yẹn, 135 ni. Ní rpm 4,400 tí wọ́n ti wọn 245, tọ́ọ̀kì ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 292. Ìyẹn ni pé ẹ ò tíì tẹ iná mọ́ ọn tán tó ti gbá yín mọ́ ìjókòó, ibi tí hósípáwà ò sì tíì tó nǹkan nìyẹn. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn wọn ọkọ̀ yìí máa sọ pé 300 ni, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀.

Wọ́n á tún ní torí kó má bàa dójú ti Corvette ni GM, iléeṣẹ́ tó ni Buick àti Corvette, ṣe bù ú kù. Ṣùgbọ́n 240 ni wọ́n kọ sára Corvette 1987. Ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ò ní fi 5 lé e lójú gbogbo ayé.

Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ tọ́bò bíi tiyín, èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnì, kì í ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Tí afẹ́fẹ́ bá tutù tí epo sì dáa, ó máa lé. Tí ooru bá mú tàbí tí epo ò dáa, sẹ́ńsọ̀ máa gbọ́ ìró kan nínú ẹ́ńjìnì bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á fa iná pílọ́ọ̀gì sẹ́yìn, agbára á wálẹ̀, ọkọ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé kàn jẹ́ ti ojú ọjọ́ kan pàtó tí SAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, là sílẹ̀ ni.

Ìbéèrè: GNX, irú Grand National tó lágbára jù, ńkọ́? 276 ni wọ́n kọ síyẹn.

Ìdáhùn: Ti GNX yàtọ̀, èmi gbà pé wọ́n bù ú kù. 547 péré ni wọ́n ṣe, iléeṣẹ́ ASC àti McLaren ló bá Buick ṣe é, tọ́bò rẹ̀ dáa jù, intercooler rẹ̀ (ohun tó ń mú kí afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) tóbi sí i, àwọn tó bá sì wọn èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn máa ń rí ohun tó sún mọ́ 300.

Ìbéèrè: Nissan Skyline GT-R R32 ni tèmi, 280 ló wà nínú ìwé. Dáínò gbé 262 jáde ní ìdí táyà, mi ò sì tíì fi nǹkan kan kún un rí. Tí táyà bá ń jẹ́ 262, kí ni ẹnu ẹ́ńjìnì ń jẹ́?

Ìdáhùn: Ó lé ní 300, kò sí àníàní. Ibi yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ bíbu agbára kù ti jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Láti 1989 làwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ Japan ti fẹnu kò láàárín ara wọn pé àwọn ò ní kọ ju 280 PS lọ sára ọkọ̀ tí wọ́n ń tà nílé, kì í ṣe òfin ìjọba, àdéhùn ni, ó sì dúró títí di 2004 tí Honda fi gbé Legend jáde pẹ̀lú 300. (PS kéré sí hósípáwà Amẹ́ríkà díẹ̀, 280 PS jẹ́ 276.) Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Skyline yẹn fúnra rẹ̀: R32 ti 1989, tọ́ọ̀kì 36 kg-m, 280 PS. R33 ti 1995, tọ́ọ̀kì 37.5, 280. R34 ti 1999, tọ́ọ̀kì 40, 280. Tọ́ọ̀kì ń gòkè lọ ní tiẹ̀, hósípáwà dúró gbọn-in lójú kan fún ọdún mẹ́wàá. Àdéhùn ò mẹ́nu kan tọ́ọ̀kì, ìyẹn ni wọ́n ṣe lè kọ ọ́ síta.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó máa yọ̀, ẹ bá mi wo nǹkan kan. R32 ní ẹyọ irin kékeré oníhò kan nínú họ́ọ̀sì tó lọ sí solenoid bóòsìtì (fáàfù oníná tó ń darí bóòsìtì, ìyẹn ipá afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì wọ ẹ́ńjìnì), iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí bóòsìtì pọ̀ jù. Ẹ fa họ́ọ̀sì yẹn yọ kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Tí irin yẹn ò bá sí níbẹ̀, ẹni tó ní ọkọ̀ ṣáájú yín ti yọ ọ́, a jẹ́ pé 262 yẹn kì í ṣe ti iléeṣẹ́ mọ́. Ẹ má fi falẹ̀ o, torí séràmíìkì ni wọ́n fi ṣe ohun tó ń yí nínú tọ́bò R32, tí bóòsìtì bá ń kọjá 1 bar ó lè fọ́, tó bá sì fọ́, ẹ́ńjìnì ni ìnáwó máa kàn.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí Toyota Supra 1993 fi jẹ́ 280 ní Japan tó wá di 320 ní Amẹ́ríkà? Ṣé ẹ́ńjìnì kan náà kọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ́ńjìnì 2JZ-GTE ni méjèèjì lóòótọ́, àmọ́ tọ́bò àti ìńjẹ́kítọ̀ (ohun tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnì) wọn ò dọ́gba, ti ìta ní tọ́bò onírin àti ìńjẹ́kítọ̀ tó tóbi jù. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo 40 yẹn ni wọ́n fi pamọ́.

Ìbéèrè: Mo lo dáínò méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìkíní sọ pé 231, èkejì sọ pé 247. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ wo igun ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún yín, ẹ máa rí SAE tàbí STD níbẹ̀, ìyẹn irú àfikún tí ẹ̀rọ fi ṣàtúnṣe nọ́ńbà sí ojú ọjọ́. Ìṣirò STD máa ń fi nǹkan bí 4 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti SAE lọ láìjẹ́ pé ọkọ̀ yí padà rárá. Tí ibi tẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n bá tún ga bí orí òkè, ẹ ṣọ́ra gan-an, torí ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò ni wọ́n dìídì ṣe àfikún yẹn fún, ti oní-tọ́bò lè wá afẹ́fẹ́ tirẹ̀ dé ìwọ̀n, ẹ̀rọ á tún wá fi kún èyí tí kò dín. Ibi kan náà ni kẹ́ ẹ máa lọ.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ mi ò fà bó ṣe ń fà tẹ́lẹ̀. Mẹkáníìkì ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé ìwé ọkọ̀ ló parọ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, torí ó ti pa ọkọ̀ tó dáa fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọkọ̀ tó ń fà lọ́dún tó kọjá tí kò fà mọ́ lónìí, ìwé ò lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Bóòsìtì lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ẹ fi géèjì gidi sí i, èyí tó ní nọ́ńbà, ẹ tẹ iná mọ́ ọn ní gíá kẹta, kẹ́ ẹ wo ibi tó gùn dé. Tí kò bá dé ibi tí ìwé sọ, afẹ́fẹ́ ń jò síta tàbí wastegate (ilẹ̀kùn tó ń dín ipá tọ́bò kù) ń ṣí kó tó àsìkò. Mo ti bá irú Buick kan ṣe é rí tó jẹ́ pé a wá ibi tó ń jò tì. A dí ẹnu tọ́bò pa, a fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú rẹ̀, mo wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé họ́ọ̀sì. Kò sí nǹkan. Ìgbà tí mo fọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì tó kúrò nínú intercooler ló wá hó fùù lábẹ́ ìdè irin, ó ti là síbẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tójú ò lè dé, kò gùn ju èékánná lọ. Tí ẹ́ńjìnì bá ń sinmi, ó máa padé, tí bóòsìtì bá dé ó máa ya ẹnu.

Lẹ́yìn ìyẹn, epo. Bí bóòsìtì bá fi 10 psi gòkè, ipá epo náà gbọ́dọ̀ fi 10 gòkè, tí pọ́ǹpù bá ti gbó, ó máa dúró lójú kan tàbí kó máa wálẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ tẹ iná mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ wo catalytic converter (ohun tó ń fọ èéfín nínú ẹ̀sọ́ọ̀sì) náà bóyá ó ti dí. Ẹ má sọ pé kí wọ́n fi bóòsìtì kún un láti fi dí àlàfo agbára tó sọnù, ẹ wá ibi tó sọnù sí.

Ìbéèrè: Oldsmobile Jetfire 1962 ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. 215 ló wà nínú ìwé àmọ́ ó ń fà bí ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò.

Ìdáhùn: Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo tánkì kékeré tí omi àti methanol máa ń wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Turbo-Rocket Fluid. Tó bá ti gbẹ, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń dín bóòsìtì kù kí ẹ́ńjìnì má bàa bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ẹ má retí 215 gan-an, ìwọ̀n ayé àtijọ́ ni, wọ́n máa ń yọ ẹ́ńjìnì síta wọ̀n láìsí ẹ̀sọ́ọ̀sì ọkọ̀ àtàwọn nǹkan tó ń jẹ agbára lára rẹ̀. Àárín 1971 sí 1972 ni wọ́n kúrò níbẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ìbéèrè: Kò sí dáínò nítòsí mi rárá. Ṣé ọ̀nà míì wà?

Ìdáhùn: Ó wà. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ẹ̀yin fúnra yín nínú rẹ̀, ẹ wá lọ sáré mítà 402 ní pápá eré ọkọ̀, ẹ kọ eré tó ń sá nígbà tó parí sílẹ̀. Eré ni o, kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá, torí táyà tó ń yọ̀ níbẹ̀rẹ̀ lè ba àsìkò yín jẹ́. Ẹ fi 234 pín máìlì wákàtí yẹn, ẹ sọ èsì di púpọ̀ fúnra rẹ̀ báyìí: èsì × èsì × èsì, ẹ wá fi ìwọ̀n ọkọ̀ ní pound sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tó jáde máa sún mọ́ ti ẹnu ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ 3,700 pound tó parí ní 96, nǹkan bíi 255 ni. Tó bá parí ní 100, ó ti di 289. Ẹ sá a lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kan náà, ẹ mú èyí tó wà láàárín, kẹ́ ẹ sì kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.