Ọjọ́ 443 tó pòórá nínú àkọsílẹ̀ òjò Mọ́níyà

₦18,000 ni mo fi tẹ àwòrán òjò aláwọ̀ mèremère tí mo gbé lọ bá Bàbá lóko wọn ní Mọ́níyà. Wọn ò tíì wò ó tán tí wọ́n fi bi mí pé, "Ọmọ mi, ọdún wo ni òjò rọ̀ tó báyìí níbí nínú ọyẹ́?" Mi ò rí èsì fọ̀. Lórí ìwé tèmi, òjò oṣù kìíní 2016 àti 2017 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti oṣù kẹfà! Bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n fẹ́ fi mọ ìgbà tí wọ́n máa gbin àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì.

Bí mo ṣe kó àkọsílẹ̀ náà sínú R, èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣírò, mi ò ní fìyẹn dá yín dúró. Ọjọ́ ló fìyà jẹ mí. Láti 2012 dé 2022, àràárọ̀ ni wọ́n ń wọn òjò lóko yẹn, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Tí òjò ò bá rọ̀, wọn a kọ òdo. Ẹlòmíì ló wá tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ìlà 4,018 ló yẹ kó wà nínú fáìlì náà, ọ̀kan fún ọjọ́ kan, ó sì pé. Mo lo duplicated(), tó ń wá ohun tó wáyé lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ọjọ́ tó wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Odindi òru kan ni mo fi ń wá àṣìṣe sínú stl(), tó ń ya bí òjò ṣe ń lọ sókè sódò lásìkò lásìkò sọ́tọ̀, iná ti lọ, mo ń da epo sí jẹnẹrétọ̀.

Àṣé na.omit() tí mo ti kọ sókè, tó ń yọ ìlà tí nǹkan ò sí nínú ẹ̀ dànù, ló ń bo àṣírí. Nígbà tí mo yọ ọ́, sum(is.na(ojo)), tó ń ka iye ọjọ́ tí R ò rí kà (ojo ni mo pe òpó ọjọ́, kì í ṣe òjò), fún mi ní 443. Ẹni tó tẹ ọdún méjèèjì yẹn fi oṣù ṣíwájú ọjọ́, bíi tàwọn ará Amẹ́ríkà, èmi sì ti sọ fún R pé "%d/%m/%Y", ìyẹn ọjọ́, oṣù, ọdún. Tó bá rí 01/13/2016, á ní kò sóṣù kẹtàlá, á kọ NA, ìyẹn pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìyẹn ṣì dáa. Èyí tó dùn mí ni 01/02/2016: ọjọ́ kejì oṣù kìíní ni, R kà á sí ọjọ́ kìíní oṣù kejì, kò sì sọ nǹkan kan. Oṣù kọ̀ọ̀kan wá ku ọjọ́ méjìlá péré, ọ̀kan láti inú oṣù kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ọdún. Báwo ni òjò wọn ò ṣe ní fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba? Ńṣe ni àwọn ọjọ́ náà kàn ń pààrọ̀ ipò láàárín ara wọn, ìdí nìyẹn tí duplicated() ò fi rí nǹkan kan sọ.

Ìwé oko yẹn ló yọ mí. Ó tò tẹ̀léra, nítorí náà ó yẹ kí diff(ojo), iye ọjọ́ tó wà láàárín ìlà kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, máa jẹ́ 1 látòkèdélẹ̀. Mo tẹ which(diff(ojo) != 1), ó sì mú mi lọ tààrà síbi tí 2016 ti bẹ̀rẹ̀: 31 ló wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Mo fún ìlà 731 ti 2016 àti 2017 ní "%m/%d/%Y", gbogbo ẹ̀ sì di 1. Ẹ má fi order() to àwọn ìlà náà ní ọjọ́ sí ọjọ́ kí ẹ tó ṣe èyí o. Ká ní mo ti tò ó ni, mi ò bá má rí ojú ọ̀nà yẹn mọ́. Ẹni tó bá máa bá mi tẹ iṣẹ́ báyìí, 2016-01-02 ni mo ní kó máa kọ.

Nínú àwòrán tuntun, òjò ga lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó sì wálẹ̀ láàárín. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, dúdú àti funfun. Bàbá fi ìka lé oṣù kẹjọ, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ibí yìí ló máa ń dá."