Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ bá ń béèrè irú èèyàn tí Prof jẹ́

Mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan ní Sábó, Ìkòròdú níbí. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi kì í ṣe ọmọ sùkúù kan ṣoṣo o, àwọn kan wà tí sùkúù wọn ò jìnnà, àwọn kan ń wọ BRT lọ sí Mile 12 láàárọ̀ kí wọ́n tó wọ mọ́tò míì, àwọn míì sì rèé, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń kàwé, wíkẹ́ńdì ni wọ́n ń wálé, gbogbo wọn ṣáà ló ní handout tí wọ́n fẹ́ fọ́tòkọ́pì. Tẹ́ ẹ bá jókòó tì mí lọ́sẹ̀ tí sẹ́mẹ́sítà bá wọlé, ìbéèrè kan náà lẹ máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú: "Bàbá yẹn ńkọ́? Ṣé ó máa ń fúnni ní máàkì?" Ìwé á máa jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ Prof á máa jáde lẹ́nu tiwọn, wọ́n á rò pé ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́.

Mò ń gbọ́. Èmi náà sì ti béèrè ìbéèrè yẹn rí, ìdáhùn tí wọ́n fún mi ló sọ mí di oní-káríófà, ìyẹn ẹni tó fìdí rẹmi tó ní láti tún kọ́ọ̀sì ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bá ẹ̀yin àbúrò mi sọ ọ́.

Ẹ má lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fìdí rẹmi nìkan

Nígbà tí mo wà ní 200 level, kọ́ọ̀sì Statistics kan wà, úníìtì mẹ́ta. Mi ò ní dárúkọ sùkúù, mi ò sì ní dárúkọ bàbá náà. Ká tó wọ kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kọ́ọ̀sì náà ṣe ti jókòó sí kọ́rídọ̀ níwájú yàrá yẹn, wọ́n ní ìkà ni Prof, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń rí A gbà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, kéèyàn ṣáà ra handout kó há a sórí. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mi ò lọ sí kíláàsì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ, bẹ́ẹ̀ àtẹ́ńdáǹsì 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń béèrè kéèyàn tó ṣèdánwò, orí ló kó mi yọ tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, èmi dẹ̀ rò pé mo gbọ́n. Mo gba 31. F ràbàtà.

Ẹni tí ò tíì gbé F rí lè rò pé nǹkan kékeré ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní 20 úníìtì lẹ ṣe ní sẹ́mẹ́sítà kan, ẹ gba A, ìyẹn point 5, nínú gbogbo ẹ̀ àfi kọ́ọ̀sì oníúníìtì mẹ́ta kan ṣoṣo tẹ́ ẹ gbé F. 17 lọ́nà 5 jẹ́ 85, ẹ pín in sí 20, ó di 4.25. First class ti fò lọ fún sẹ́mẹ́sítà yẹn nìyẹn o, torí 4.50 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo A yẹn!

Ọdún kejì ni mo tó jókòó sí kíláàsì bàbá yìí dáadáa. Ó wọlé, ó kọ 1936 gàdàgbà sí bọ́ọ̀dù, ó ní lọ́dún yẹn, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà fi ìwé ránṣẹ́ sí èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún sípò ààrẹ, àwọn tó dá wọn lóhùn lé ní mílíọ̀nù méjì, ni wọ́n bá kéde pé Landon ló máa wọlé. Roosevelt ló wọlé, ó kó ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Kí ló fà á? Inú ìwé tẹlifóònù àti ìwé àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ orúkọ, lásìkò tí nǹkan le koko, mẹ̀kúnnù ò sí níbẹ̀, àwọn tó tiẹ̀ dáhùn náà, àwọn tọ́rọ̀ ń dùn nínú jù ni. Prof wá ní kí àwa tá à ń tún un ṣe nawọ́ sókè. A ò ju mọ́kànlá lọ, nínú yàrá táwọn kan ti jókòó sójú fèrèsé torí àga ò tó. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó yíjú padà sí bọ́ọ̀dù. Mo rántí kọ́rídọ̀ ọjọ́sí, ojú tì mí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, èmi gan-an ni òṣìkà ọ̀hún.

Ẹni tó gba A náà ní irọ́ tiẹ̀ o. Á ní kò le rárá, kò ní sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n òun ló ń kọ́ òun lálaalẹ́.

Ẹ má ní kì í fúnni ní máàkì nígbà tẹ́ ò tíì gba ìwé test yín

Lọ́dún tí mo tún un ṣe yẹn ni mo kọ́kọ́ lọ gba ìwé test ní ọ́fíìsì ẹ̀. Báírò pupa ni bàbá ń lò. Kì í fa X gba ojú ìwé kọjá, àmì kékeré kan ló máa fi sí ibi tẹ́ ẹ ti ṣìnà gan-an, á sì fún yín ní máàkì gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ṣe dáadáa kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Nọ́ńbà kejì tèmi, ìdáhùn tí mo kọ sísàlẹ̀ ò jọ òótọ́ rárá, síbẹ̀ mo rí 6 nínú 10. Àmì yẹn wà níbi tí mo ti gbàgbé láti wá square root, mo kàn gbé variance kalẹ̀ níbi tó ti ní ká gbé standard deviation, ìyẹn square root variance yẹn, wá. Ká ní mo ti gba irú ìwé yẹn lọ́dún tó ṣáájú ni! Ìwé àwọn tó kù ṣì wà lórí tábìlì, eruku ti bò ó, àwọn tó ni ín wà níta, wọ́n ń sọ pé bàbá kì í fúnni ní máàkì.

Ẹ má pe ẹni tí kì í wá ní èèyàn dáadáa

Èyí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Kọ́sítọ́mà mi kan ní, "Àǹtí, bàbá dáadáa ni, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wá ní sẹ́mẹ́sítà yìí, gbogbo wa ló fún ní B." A jọ rẹ́rìn-ín. Ó di 400 level, ọmọ yìí wọlé tọ̀ mí wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó fi project ẹ̀ sínú nylon, ó ti pín ìwé ìbéèrè ọgọ́rùn-ún fáwọn ìyá ọlọ́jà, wọ́n ti dá a padà, kò wá mọ ohun tó máa fi ṣe. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe chapter four, ibi tí wọ́n ti ń ṣírò ìdáhùn àwọn èèyàn." Èmi oní-fọ́tòkọ́pì! Mo júwe ẹnì kan fún un, onítọ̀hún gbowó tó ju owó handout gbogbo sẹ́mẹ́sítà lọ, nígbà tí supervisor wá bi í pé kí ni chi-square, ìṣirò Statistics kan tó wà nínú ìwé náà, ń wá níbí, ó ní òun ń lọ béèrè wá. B yẹn wà nínú result ẹ̀ ṣá.

Torí náà dípò "ṣé ó dáa?", ẹ béèrè nǹkan tí wọ́n lè dáhùn. Ṣé test ń kó 30 ni àbí 40? Ṣé ó máa ń dá ìwé padà? Téèyàn bá béèrè ọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ṣé ó máa ń dáhùn ni àbí ó máa ń kanra?

Past question ògbólógbòó ńkọ́? Wọ́n ń kó ti 2016 wá fún mi, tó ti di ràkọ̀ràkọ̀, mò ń fọ́tòkọ́pì ẹ̀ torí owó mi ni, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, 2023 ni àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí lo kọ́ríkúlọ́ọ̀mù tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS, tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde, ìdá 70 ti NUC, ìdá 30 ti sùkúù fúnra ẹ̀. Kọ́ọ̀sì tí ẹ̀gbọ́n yín ṣe lè máà jẹ́ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe mọ́, kódà kó jẹ́ orúkọ kan náà ló ń jẹ́.

Ẹ má máàkì fọ́ọ̀mù bí ẹni ń ta ayò

Àwọn sùkúù kan máa ń ní kẹ́ ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe rí lẹ́kítọ̀ sí, láti 1 dé 5. Mo ti rí i lórí káńtà mi, wọ́n á fi 5 gbálẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ torí wọ́n fẹ́ tètè lọ, ẹni tínú ń bí á fi 1 gbálẹ̀. Ká ní èèyàn márùn-ún kọ 5, 5, 5, 1, 1, tẹ́ ẹ bá pín in, 3.4 ni, bíi pé bàbá wà láàárín méjì, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ̀wé sí nísàlẹ̀ ló wúlò jù, ibẹ̀ náà ni gbogbo yín ń fi sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ má sì bú Prof lórí gúrúùpù WhatsApp kíláàsì, nọ́ńbà yín wà níbẹ̀, ẹnì kan á gbé e lọ.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé lẹ́kítọ̀ ń fi ọwọ́ kan yín, tàbí ó ń fi dandan gbowó, ẹ má da ìyẹn pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ máàkì. Ẹ kọ déètì, ẹ tọ́jú mẹ́sẹ́ẹ̀jì, ẹ mú un lọ síwájú ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i, ẹ má ṣe dá lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọbìnrin kan wá, ó gbé handout Statistics wá, ojú ìwé 64, ó bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo jókòó, mo sọ gbogbo nǹkan tí mo sọ yìí fún un, mo ní kó kọ́kọ́ lọ jókòó sí kíláàsì bíi méjì mẹ́ta ná. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ń mi orí.

Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ gbà nígbà tẹ́ ẹ tún un ṣe?"

Mo ní B.

"Ẹ ò rí i," ló bá sọ, "bàbá yẹn kì í fúnni ní A."

Mo gbowó ojú ìwé 64.